Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Àwòrán Onípákó Ní Kyoto

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán láti ilé máa ń bi mí bí wọ́n ṣe lè kọ́ iṣẹ́ àwòrán onípákó ti àwọn ará Japan, ìyẹn àwòrán tí wọ́n ń fín sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọ̀bẹ wo ni kí àwọn rà? Igi wo ló dára jù? Níbo ni wọ́n ti ń ta bébà rẹ̀? Mo máa ń dá wọn lóhùn bí agbára mi ṣe mọ. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí nípa rẹ̀ rí: bí ènìyàn ṣe ń gbé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, tí tọ̀hún á fi ọ̀bẹ sí i, tí ẹni kẹta á tún wá fi àwọ̀ sí i, tí owó á sì wà láàárín gbogbo yín. Ẹ̀kọ́ yẹn gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì gba oorun lójú mi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè bá ọ̀nà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo máa yà á, ìwọ lo máa fín in, ìwọ náà lo máa kùn ún lọ́dà tí wàá sì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹlòmíì bá ràn ọ́ lọ́wọ́ jù, olùkọ́ á ní kì í ṣe iṣẹ́ rẹ mọ́. Irú èrò yìí wà ní Japan náà, àmọ́ ìgbà tí kò jìnnà ló débẹ̀. Ọdún 1904 ni Yamamoto Kanae ya apẹja kan, tó fín in fúnra rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa ọ̀nà yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, láti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe Tokyo ní Edo, ọwọ́ mẹ́rin ni àwòrán ń gbà kọjá. Hanmoto ló ń gbówó kalẹ̀, òun ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa yà, òun náà ló ń tà á. Eshi ló ń yà á, horishi ló ń fín in sára pákó, surishi ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìgbì òkun ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Hokusai, èyí tó jáde ní nǹkan bí ọdún 1831, Nishimuraya Yohachi ló gbé e jáde. Ẹni tó fín ìfófò omi yẹn ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwòrán náà.

Òjò kan ló fà mí dé ibẹ̀. Lọ́dún 1857, Hiroshige ya àwọn èèyàn tí òjò òjijì ká mọ́ orí afárá Shin-Ohashi, tí oníkálukú sì ń sá bora. Mo ti rí i nínú ìwé láìmọye ìgbà. Ọjọ́ tí mo wá dúró níwájú èyí tí wọ́n tẹ̀ láyé ìgbà náà, mo sún mọ́ ọn débi pé èémí mi bo gíláàsì. Ilà òjò yẹn tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n sì gùn láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti fín pákó rí yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ilà tó bá máa hàn lórí bébà, òun gan-an ni kò gbọdọ̀ kúrò lórí igi. Gbogbo igi tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ni ẹnì kan ti fín dànù, tó fi ilà yẹn nìkan sílẹ̀ ní ìdúró, tí kò sì jẹ́ kó ṣẹ́. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọwọ́ mi ò lè ṣe èyí láyé. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọwọ́ Hiroshige náà kọ́ ló ṣe é.

Bí mo ṣe dé ìlú Kyoto ní Japan nìyẹn. Mo kọ́ ìpìlẹ̀ fínfín àti títẹ̀, kí n lè mọ ohun tí mò ń wò, mo sì rí agbẹ́gi àti atẹ̀wé tó gbà láti bá mi ṣiṣẹ́. Mo ti tu owó díẹ̀ jọ. Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Yúróòpù sì ti ṣèlérí pé àwọn máa ra ìdajì gbogbo ohun tí a bá tẹ̀. Èmi ni màá jẹ́ ayàwòrán, èmi náà ni màá jẹ́ hanmoto. Lójú mi nígbà náà, hanmoto kò ju oníṣòwò tó ń jẹ lára òógùn oníṣẹ́ ọnà lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo yà. Aládìrẹ ni, ní Abẹ́òkúta. Ó jókòó sórí àpótí, ó dẹ̀gbẹ́ sí wa, ó dirun ṣùkú, ó ró àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ tó fi ń kọ aṣọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi àwọ̀ olómi yà á, àwọ̀ wọnú àwọ̀, ó sì dùn ún wò. Mo gbé e lọ bá bàbá agbẹ́gi. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó wò ó pẹ́, ó ní ó dára, ó wá bi mí pé, “Níbo ni kí n fi ọ̀bẹ sí?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀bẹ kì í lọ síbi tí àwọ̀ ti ń ṣá lọ sínú àwọ̀ míì. Etí ilà ló ń gbà. Ilà kọ̀ọ̀kan ní etí méjì, agbẹ́gi á sì fi ọ̀bẹ tọ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbẹ́ ìyókù dànù. Ohun tó nílò ni tàdáwà dúdú lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ilà nìkan, kò sí àwọ̀, kò sí òjìji. Hanshita ni wọ́n ń pè é. Mo padà sílé lọ tún un yà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ilà ronú kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ ronú. Bẹ́ ẹ bá sì gé ilà yín síbi tí kò dá yín lójú, agbẹ́gi máa rí i.

Tèmi rí i. Mo gbé ilà dé, ó fi ìka tọ́ orí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. “Èyí gba orí èyí kọjá ni, àbí abẹ́ rẹ̀ ló gbà?” Mo wo irun tí mo yà. Mo ti fa ilà jọ síbẹ̀ bí ọ̀ṣọ́, láti etí lọ sí àtàrí, mi ò sì ronú nípa bí onídìrí ṣe ń di í. Èmi tí wọ́n ti di ṣùkú fún láti kékeré! Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí irun fi jẹ bàbá yìí lógún. Nínú iṣẹ́ wọn, àwọn ọmọṣẹ́ ló ń fín aṣọ àti ilẹ̀ àti igi. Orí àti ojú di ti ọ̀gá, ibi tí wọ́n sì ti ń mọ ọ̀gá ni etí irun, níbi tí irun ti ń jáde lára awọ iwájú orí. Kewari ni wọ́n ń pè é, irú èyí tí a máa ń rí lórí àwọn obìnrin tí Utamaro yà. Irun tí mo gbé wá fún un kò ṣeé fín, torí kì í ṣe irun gidi.

Mo pe ilé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó síwájú onídìrí rẹ̀, wọ́n gbé fóònù sórí àga, onídìrí náà sì fi ìlàrí la irun náà díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Ó mú ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dì í, ó ń mú irun tuntun kún un bó ṣe ń gòkè lọ. Bàbá agbẹ́gi fa àga mọ́ mi. Kò gbọ́ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò sì gbọ́ èdè tirẹ̀, àmọ́ nígbà tí onídìrí fa ẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ èkejì, bàbá náà mi orí, ó ní ká dá a padà kóun tún un wò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí pé, “Ta ni bàbá tó ń wo orí mi yẹn?” Mo ní òun ló fẹ́ fín in sára igi. Ó ní kí n sọ fún un pé kó má fín ewú òun mọ́ ọn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé ilà lọ ni ó gbà á. Ó fi lẹ́ẹ̀ pa ojú pákó ṣẹ́rì, ó da ojú àwòrán mi dé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ra ẹ̀yìn bébà náà, tó ń ṣí kúrò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí tí ilà fi hàn látẹ̀yìn. Àyà mi já. Àwòrán tí mo yà yẹn ń bá ọ̀bẹ lọ ni. Bó bá ti fín in tán, kò sí ohun tó ń jẹ́ ojúlówó àwòrán mi mọ́ níbikíbi. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Hokusai, bẹ́ẹ̀ ló rí fún Hiroshige. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà yẹn kò ní gba omijé yín dúró.

Pákó ilà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fín. Wọ́n á wá fi dúdú tẹ bébà bíi mélòó kan látara rẹ̀, wọ́n á dá a padà fún ayàwòrán. Lórí bébà kọ̀ọ̀kan, ayàwòrán á kun ibi tí àwọ̀ kan ṣoṣo máa wà, torí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú pákó tirẹ̀. Mo rò pé agbẹ́gi ló ń ṣe èyí. Òun náà ń retí mi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kálukú dákẹ́, kálukú rò pé ẹnì kejì ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Tí mo bá béèrè lọ́jọ́ kìíní ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí. Nígbà tí mo wá jókòó tì í, mo kun àwọ̀ tí ó lé ní ogún. Atẹ̀wé gba àwọn bébà náà, ó kà wọ́n, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Bébà 200, ẹ̀ẹ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí àwọ̀ bá jẹ́ 20, ìgbà 4,000 ni òun máa fi ọwọ́ tẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ kí àwọ̀ kan máa ṣá lọ láti òkè wá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bokashi, ìyẹn tún lọ́wọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Apá rẹ̀ ni.

Òun ló kọ́ mi pé àwọ̀ máa ń bí àwọ̀. Yẹ́lò tí búlúù gorí rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, kò nílò pákó tirẹ̀. Ó wá kan àdìrẹ. Mo fẹ́ aró tó jìn, aró Abẹ́òkúta, gbogbo búlúù tó dán wò ni kò sì jìn tó lójú mi. Mo ṣàlàyé fún un bí aláró ṣe ń ri aṣọ sínú ìkòkò aró, tó ń yọ ọ́ sáfẹ́fẹ́, tó tún ń ri í padà títí tó fi dúdú. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó tẹ búlúù fífúyẹ́ sórí gbogbo aṣọ náà, ó tún gba orí rẹ̀ kọjá, ó wá fi èyí tó dúdú jù parí rẹ̀. Ìgbà tó gbé bébà yẹn sókè, àdìrẹ ni mo rí.

Ibẹ̀ ni ojú mi là sí ohun kan tó ti wà nílé wa láti ọjọ́ tó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í rẹ aṣọ. Ẹ̀kọ ló ń fi kọ ọ́, aláró ló ń gbé e fún. Mo ti tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ aláró ní kékeré, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, bó ṣe ń sọ bí òun ṣe fẹ́ kó dúdú tó, bí aláró ṣe ń sọ fún un pé ẹ̀kọ ibí yìí ti fẹ́lẹ́ jù, aró máa wọlé. Ẹnikẹ́ni ò sọ rí pé aṣọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Mo rìn jìnnà kí n tó kà á sí iṣẹ́ ọnà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí èyí tó dùn mí jù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fín pákó àwọ̀ tán, ó wù mí kí n yí àpótí tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó lé kúrò níbi tó wà. Ó ṣeé ṣe: wọ́n á gbẹ́ ibẹ̀ jìn, wọ́n á fi igi tuntun dí i, wọ́n á tún un fín. Bàbá agbẹ́gi ṣe é, ó sì kọ owó rẹ̀ sínú ìwé. Mo bá a jiyàn lórí owó náà, mo ní nǹkan kékeré ni. Kò bá mi jà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé, tíì á wà, ọ̀rọ̀ ò ní sí. Atẹ̀wé ló pè mí sẹ́yìn tó ṣàlàyé pé ayàwòrán lẹ́nu dáadáa títí dìgbà tó bá dá bébà aláwọ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ti di ti ẹlòmíì. Mo san owó náà pé, mo sì lọ tọrọ àforíjì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé àfihàn yẹn kọ̀wé pé ètò àwọn ti yí padà, àwọn ò rà mọ́. Pákó ti wà nílẹ̀, mo ti sanwó bébà, atẹ̀wé ti ya àkókò sọ́tọ̀ fún mi. Kò sí ìwé àdéhùn kankan lọ́wọ́ mi. Mo yá owó. Àwọn òru kan wà tí mo máa jí, tí mo máa jókòó sórí ibùsùn, tí mo máa ka owó tí kò sí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí hanmoto ń gbé. Watanabe Shozaburo, tó ń gbé iṣẹ́ Kawase Hasui jáde ní Tokyo, pàdánù pákó àti àwòrán nínú iná tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1923 dá sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé irú ẹrù yẹn kì í ṣe arẹ́nijẹ. Bí ẹ kò bá ní hanmoto, ẹ̀yin lẹ máa gbé e, kẹ́ ẹ sì yáa mọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí owó àyẹ̀wò wà lọ́tọ̀, torí atẹ̀wé máa tẹ̀ ẹ́ lóríṣiríṣi kí ẹ tó fẹnu kò. Ẹ kọ ẹni tó ni pákó sínú ìwé, àti ẹni tó máa tọ́jú wọn, àti bóyá wọ́n lè tún tẹ̀ ẹ́ láìsí yín.

Nígbà tí mo wá rówó, òjò dé. Oṣù kẹfà ni, àkókò tsuyu, tí gbogbo Kyoto máa ń rin gbingbin. Atẹ̀wé ní òun ò tẹ̀ ẹ́. Orí mi kọ́kọ́ gbóná, torí ọjọ́ ìwé ìwọ̀lú mi ń lọ. Àmọ́ bébà yìí, tí wọ́n fi èèpo igi kozo ṣe, tí wọ́n sì fi gúlù àti álọ́ọ̀mù pa kí àwọ̀ má baà tàn kálẹ̀ lójú rẹ̀, nínú ọ̀rinrin ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ti rẹ ẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á sì dì í. Ó gbọ́dọ̀ rin bákan náà láti àwọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bó bá gbẹ lágbedeméjì, á súnkì, àwọ̀ ò sì ní bọ́ sáàárín ilà mọ́. Bó bá sì pẹ́ nínú ooru, á bu. Mo lọ sọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ìwé ìwọ̀lú lọ tún ìwé mi ṣe, mo dúró di ìgbà tí ooru rọlẹ̀. Ẹ béèrè oṣù tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo jókòó tì í nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ká ẹsẹ̀ jókòó síwájú tábìlì tó dagun. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹṣin fi àwọ̀ sí pákó, ó kán lẹ́ẹ̀ ìrẹsì díẹ̀ sí i, ó gbá a pọ̀. Ó mú bébà, ó fi igun rẹ̀ kan àmì tí wọ́n fín sígun pákó lọ́wọ́ ọ̀tún, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ balẹ̀ sórí àmì kejì, ó sì tú u sílẹ̀. Ó wá gbé baren, ìyẹn okùn ọparun tí wọ́n lọ́ tí wọ́n ká jọ roboto, tí wọ́n fi èèpo ọparun bò, ó fi ń ra ẹ̀yìn bébà náà pẹ̀lú gbogbo èjìká rẹ̀. Ó gbé ti àkọ́kọ́, ó wò ó, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gé èérún igi kan, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ó tẹ òmíràn. Mo gbé méjèèjì wò, mi ò rí ìyàtọ̀. Ó fi orí ìka hàn mí, lábẹ́ etí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, níbi tí funfun tín-ín-rín ti wà nínú ti àkọ́kọ́ láàárín àwọ̀ ara àti ilà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kù. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán àtijọ́, orúkọ ayàwòrán àti àmì hanmoto lẹ máa rí. Síbẹ̀ Hokusai fúnra rẹ̀, tó kọ́ṣẹ́ fínfín pákó kó tó di ayàwòrán, máa ń kọ̀wé sí àwọn hanmoto pé Egawa Tomekichi ni kí wọ́n jẹ́ kó fín iṣẹ́ òun. Ó mọ ẹni tí òun ń gbé ara lé. Mo ní kí orúkọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà létí bébà. Bàbá agbẹ́gi ní kò pọn dandan, mo ní ó pọn dandan, ó sì fín tirẹ̀ kẹ́yìn, kékeré.

Gbèsè yẹn pẹ́ lọ́rùn mi, àmọ́ mo ti san án. Pákó wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, a sì ti jọ fọwọ́ sí ìwé lórí bí a ó ṣe tún un tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilà nìkan ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n bébà, iye ẹ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́, àti iye tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Ẹ bi agbẹ́gi ohun tí kò lè fín nínú rẹ̀, ẹ bi atẹ̀wé àwọ̀ tí òun á yọ kúrò tó bá jẹ́ tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró gba èsì méjèèjì kẹ́ ẹ tó dá owó kankan sílẹ̀.